Erè Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Òkúǹbete

Ní Aboabo, ní ìlú Kumasi, bí ejò bá yọrí níbi kan, kùmọ̀ ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá olóró ni tàbí aláìlóró. Àdúgbò yẹn náà ni Hàbíbùlláhì ti ń sin erè nínú yàrá rẹ̀, lẹ́yìn àpótí aṣọ, tí ará ilé kankan ò mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ ronú òdì. Kò fi ṣoògùn, kò sì fi pidán. Èèyàn tí ìrun kan kì í fò ni. Ọmọ rẹ̀ ló gbé ejò sílẹ̀ fún un, ọmọ yẹn náà ni kò sì jẹ́ kó lè gbé e sọnù.

Àáfà Adúńbú ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, àdúgbò Alabar ní Kumasi ni wọ́n bí òun sí, ẹ̀gbẹ́ àgò àwọn tó ń ta adìẹ níbẹ̀ ló sì ti lo ayé rẹ̀. Ìwọ Mùsùlùmí tó o bá ra adìẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa gbé e lọ. Á kọjú ẹ̀ sí Kíbílà, á ní "Bìsìmílà, Allahu Akbar," ọ̀bẹ á kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. Àmọ́ tí adìẹ bá kú sí ẹ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, tó o wá ní kó ṣáà bá ẹ fi ọ̀bẹ kàn án lọ́rùn kí ojú má bàa tì ẹ́ níwájú àlejò, o fẹ́ jẹ èébú nìyẹn. "Òkúǹbete ni! Ẹran tó kú fúnra rẹ̀ tí wọn ò dúńbú, kò gbọdọ̀ wọlé Mùsùlùmí. Gbé e lọ sí ààtàn!" Obìnrin kan sunkún níwájú rẹ̀ títí, ó ní àwọn àna òun ti jókòó. Àáfà ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Bó ṣe le tó nìyẹn.

Nígbà tó yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀bẹ tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan wá di ẹ̀ẹ̀mejì, adìẹ ń jẹ̀rora. Kò sẹ́ni tó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló nu ọ̀bẹ, tó gbé e fún Sùlèímọ̀n tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá gba ilé lọ. Ká ní Nímátù ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ni, ilé ì bá ṣeé jókòó sí. Nímátù ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, Fatawu, ti lọ sí Dọ́hà nílẹ̀ Lárúbáwá, ó ń ṣọ́ ilé olówó níbẹ̀. Bí ọkùnrin tí èrò ń tò dè láti àárọ̀ ṣe wá di ẹni tó ń fetí sí ìró bàtà àwọn tó ń kọjá lójúde nìyẹn, bóyá ọ̀kan nínú wọn á yà. Wọn kì í yà.

Kí Fatawu tó lọ, ó bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń sin erè tà fún àwọn ará òkè òkun tó ń fi wọ́n ṣe ohun ọ̀sìn. Ibẹ̀ ló ti mú ọ̀kan wálé. Ọjọ́ Ajé ló mú un dé, ló bá sọ ọ́ ní Kojo, bí àwọn Asante tó ni ìlú ṣe ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé. Ẹ gbọ́ mi o, ejò lórúkọ àbísọ! Nígbà tí ìrìnàjò dé, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú Kojo díẹ̀, màá ní kí wọ́n wá gbé e." Ẹnikẹ́ni ò wá gbé e. Níbẹ̀rẹ̀, adìẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àáfà á jókòó sórí ibùsùn, ejò á ká jọ bí òṣùká sínú àpótí onípákó tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ojú rẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn. Àáfà ní "Ọ̀gbẹ́ni" lòun á máa pè é, òun ò lè fi orúkọ ọmọ èèyàn pe ejò. Kò pẹ́ tóun náà fi ń pè é ní Kojo. Kò tún pẹ́ sí i tó fi ń rọ́ àlá tó bá lá fún un.

Ṣùgbọ́n fóònù gan-an ló sọ Kojo di ọ̀wọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí Àáfà bá ti kírun dé, Fatawu á pè é lórí fídíò. "Bàbá, ẹ kú Jímọ̀ o. Ẹ gbé Kojo wá kí n rí i." Àáfà á gbé e. Fatawu á rẹ́rìn-ín, á ní ó ti sanra, á ní kí bàbá òun yí i kóun rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ Kojo tán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. "Ó dìgbà kan ná, Bàbá." Àáfà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé òun kọ́ lọmọ ń pè. Àmọ́ ó ń rí ojú ọmọ, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ, ejò ló sì ń bá a fà á wá. Òun fúnra rẹ̀ kò pe Fatawu rí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ ní í kí bàbá. Bàbá tó bá ń wá ìkíni ọmọ kiri, wọ́n ní ó ti tẹ́. Bí nǹkan bá wá ṣe Kojo, kí ni Fatawu á tún máa pè wá wò? Ìbẹ̀rù yẹn ló ń bá a jí láràárọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ràn sí Kwabena lẹ́nu. Kwabena yìí, ọmọ Asante tóun àti Fatawu jọ ṣiṣẹ́, ló ń gbé eku wá fún Kojo. Twi, èdè àwọn Asante, lòun àti Àáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ní eku náà kò gbọdọ̀ tóbi ju ibi tó sanra jù lára Kojo lọ. Ó ní ẹ̀mú gígùn ni kó fi gbé e, kó má fọwọ́ gbé e, kó sì fọwọ́ dáadáa kó tó sún mọ́ àpótí, torí òórùn ni ejò ń tẹ̀ lé, kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí oúnjẹ. Àáfà ò ka ìyẹn sí títí dọjọ́ tó tu ìyẹ́ adìẹ tán tó na ọwọ́ kan náà sínú àpótí láti pààrọ̀ omi. Kojo bá gbé ọwọ́ náà hán! Háà, Àáfà ké "Innalillahi" débi pé Ṣùkúrát, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, sáré wá kanlẹ̀kùn. Àáfà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán, ó ní irin ló gé òun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn ò ti fohùn ṣọ̀kan. Kwabena ní, "Papa, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín pa eku yìí kí ẹ tó gbé e fún un. Eku tó wà láàyè léyín. Tí Kojo ò bá tètè mú un, á yí padà jẹ Kojo."

Ojú Àáfà yí padà. "Kó o lu eku lórí pa, kó di òkúǹbete, kó o wá gbé e wọlé mi? Ilé èmi?"

"Ejò ló máa jẹ ẹ́, Papa, ẹ̀yin kọ́."

"Ohun tí mi ò lè jẹ, mi ò ní fi bọ́ ẹni tó ń bá mi gbé."

"Ẹ kúkú dúńbú rẹ̀ nígbà náà."

"Eku! Kí n pe orúkọ Ọlọ́run lé eku lórí? Ṣé orí ẹ pé ṣá, Kwabena?"

Ẹ ò rí nǹkan bí! Eku ò ṣeé lù pa, eku ò ṣeé dúńbú, ààyè nìkan ló kù. Kò sí tírà kankan tó ní kí ejò yẹra fún òkúǹbete, Àáfà ò sì bi onímọ̀ kankan. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé lé òkúǹbete kúrò nínú ìkòkò àwọn ẹlòmíì, ṣé ẹni tó fẹ́ràn jù lá wá gbé e fún? Ìfẹ́ ni, àbí kí la fẹ́ pè é? Kwabena mi orí títí, ó gbà fún un. "Ó dáa, Papa. Tó bá jẹ́ ààyè, ẹ jókòó tì í. Ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Tí Kojo ò bá fẹ́, kíá, ẹ yọ eku náà. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tí ojú rẹ̀ funfun, awọ ló fẹ́ bọ́ yẹn, kò ní jẹun, kò sì ní ríran. Ẹ má fún un ní nǹkan kan." Ẹ̀bìtì tí ò peku, kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn, ìyẹn ò le. Àáfà ń pa á mọ́. Á fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn, ẹ̀mú lọ́wọ́, títí Kojo á fi já lu eku náà, tí á wé mọ́ ọn, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì láti orí.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Àáfà gbé eku sínú àpótí, kò wo ojú Kojo dáadáa, torí ojú tirẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì. Kò tíì jókòó tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Ó fa aṣọ bo àpótí, ó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rahim ni, láti àdúgbò Sawaba. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, òní ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, Sùlèímọ̀n sì ti rìnrìn àjò. Àgbò wà ní ìdè, kò sẹ́ni tó máa dúńbú rẹ̀. "Àáfà, ẹ dákun, mo mú ọ̀bẹ dání. Ẹ̀yin nìkan la ní."

Ẹ̀yin nìkan la ní! Ìgbà wo lẹnì kan ti sọ irú ẹ̀ fún un gbẹ̀yìn? Inú Àáfà dùn débi tí ọmijé fẹ́ bọ́. Ó yọjú wo abẹ́ aṣọ: Kojo ká jọ, ó fi orí pamọ́ sáàárín, eku ń gbóòórùn igun kiri. "Mò ń bọ̀ báyìí," ló sọ sí àpótí, ó wọ jalàbíà tó fi ń kírun Jímọ̀, ó tẹ̀ lé Rahim.

Ọwọ́ ò gbọ̀n. Ó yà á lẹ́nu. Ó pe Bìsìmílà, ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan, àwọn èèyàn kígbe "Allahu Akbar," wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kó máa lọ sílé. Wọ́n ní rárá, wọ́n tẹ́ ẹní fún un láàárín àwọn àgbà, wọ́n gbé wáákyè, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà, àti ẹran síwájú rẹ̀. Ẹnì kan rántí bàbá rẹ̀. Ẹlòmíì rántí obìnrin tó ń sunkún nítorí òkú adìẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Àáfà náà ń rẹ́rìn-ín. Ó rántí eku nígbà kan. Ó ti gbé ìdí kúrò lórí ẹní tí àgbàlagbà kan fi ní, "Àáfà, ibo lẹ tún ń sáré lọ? Ta ló ń dúró dè yín nílé?"

Kí ni kó sọ? Pé ejò ni?

"Kò sẹ́nì kankan," ló wí, ó tún jókòó.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó ṣí aṣọ lójú àpótí. Eku ti kó sí igun, ẹnu rẹ̀ pupa. Ẹ̀yìn Kojo ti ya, awọ ṣí, ẹran yọ, ibì kan tilẹ̀ wà tí egungun ti hàn. Àáfà wá wo ojú rẹ̀ nígbà náà. Ó funfun bí omi ògì. Kojo ò ríran látàárọ̀, kò wá oúnjẹ, wọ́n sì ti í mọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́. Eku náà ò jẹ̀bi; ebi ń pa òun náà, òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Àáfà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú jalàbíà funfun yẹn, ó fọwọ́ lérí. Ó ń wí ṣáá pé, "Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

Kwabena wá, ó fi omi iyọ̀ wẹ ojú egbò, ó fi oògùn sí i. Kò sọ pé "Ṣebí mo wí." Àáfà ì bá fẹ́ kó sọ ọ́. Kojo fara dà á fún ìgbà díẹ̀, kò gbéra, kò mumi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àáfà fọwọ́ kàn án, ó rí i pé ara rẹ̀ ti le: Kojo ti kú. Nígbà tí Kwabena gbọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Due, Papa. Due." Ohun tí àwọn Asante ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Àáfà fi àpò wé Kojo, ó mú ọkọ́, ó lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gbẹ́ ilẹ̀ tí Ṣùkúrát fi dé láti wá ká aṣọ tó sá. "Bàbá, kí lẹ ń sin?"

"Adìẹ ni," ni Àáfà dáhùn. "Ó kú."

Ṣùkúrát bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúńbú adìẹ gbogbo Kumasi, adìẹ kan ṣoṣo ló wá ń pa yín lẹ́kún báyìí?" Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ẹkún gidi ni. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ má sunkún mọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

"Àmín," ni Àáfà wí.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Adìẹ tí kò sí ni wọ́n bá a kẹ́dùn lé lórí, ó sì gbà á, torí kò rí òmíràn gbà. Nígbà tí Nímátù kú, ilé kún, ó ń dá ìkíni lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́, kò ráyè sunkún. Àyè wá wà báyìí. Ó sunkún náà, ó sun ti Kojo, ó sì sun ti Nímátù mọ́ ọn.

Jímọ̀ dé, fóònù dún. Ó ti rò ó pé kóun parọ́, kóun ní Kojo ń bọ́ awọ, ó fara pamọ́. Nígbà tó rí ojú Fatawu, kò lè purọ́. "Kojo ti kú."

Fatawu ní, "Ṣé ẹ fi eku sílẹ̀ tì í ni?"

"Mo fi í sílẹ̀."

"Ibo lẹ lọ?"

"Ìsọmọlórúkọ kan ni, ní Sawaba. Wọ́n ní kí n wá bá wọn dúńbú àgbò."

Ọmọ náà mi orí, kò bínú. "Ó dáa, Bàbá. Mò ń lọ sẹ́nu iṣẹ́." Ó pa fóònù. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àáfà gbé fóònù ka orúnkún títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Kò dún. Ní Jímọ̀ kejì, kò dún. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ejò ti kúrò nínú yàrá yẹn ní tiẹ̀, ìyà náà ò bá a lọ. Ohun tí Àáfà ń bẹ̀rù ti dé, ó sì burú ju bó ṣe rò ó lọ.

Ní Jímọ̀ kẹta, ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jókòó. Ó wo fóònù, fóònù ò sọ nǹkan kan. Bàbá kì í pe ọmọ. Ó sọ ọ́ síta, kò sì sẹ́ni tó gbọ́, kódà kò sí ejò tí á gbé orí sókè. Tóun bá wá tẹ́, lójú ta lòun ti fẹ́ tẹ́? Ó na ìka, ó tẹ àwòrán Fatawu.

Kò tíì dún tán tí ojú ọmọ fi yọ, pẹ̀lú fìlà ìṣọ́ lórí, ẹ̀rù bò ó. "Bàbá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ̀yin lẹ pè mí?"

"Èmi ni."

Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn. Fatawu ṣí fìlà, ó tún dé e. "Bàbá, mo máa ń mú fóònù o. Jímọ̀ kan ò kọjá kí n má mú un. Kojo ò sí mọ́, mi ò wá mọ ohun tí mo lè bi yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àáfà lára. Ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú náà.

"Bi mí bóyá mo ti jẹun," ló wí.

Fatawu sún ojú mọ́ fóònù. "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá," ni Àáfà dáhùn. "Mi ò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀."